Kámẹ́rà Bàsílì àti Owú Tí Mo Gbé Dé Ifangni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń fi kámẹ́rà ṣeré nílé, mo ti dé láti Dàhọ̀mì. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ kiri Iléṣà pé afẹ́fẹ́ ni mo lọ gbà. Afẹ́fẹ́ wo? Owú ló gbé mi lọ. Mo sọ ọ́ fúnra mi kí ẹ tó sọ ọ́ fún mi. Owú gidi ni, irú èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn jí láàárọ̀ kó máa bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Ẹ ò tíì gbàgbé Bàsílì. Òun ni ọmọ Ifangni tó wá kí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Iléṣà lẹ́yìn tí a gba òmìnira tán, tó bá wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí a ti ń ya ìyàwó tuntun, tó dúró tì wá, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó wá rọra bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ìyàwó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú rẹ̀. Fótò yíyà, eré ọwọ́ ni fún un bíi tiwa. Láti ìgbà náà ni èmi àti ẹ̀ ti ń fi fótò ránṣẹ́ síra wa. Èmi á fi ti ọmọ ìjọ tó tò gbọọrọ bí igi ọgbà ránṣẹ́. Òun á fi ti ìyá àgbà kan tó ń fẹ́ná ránṣẹ́, tí eérú ń fò lókè iná, tí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sín tó bá wò ó. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé fótò yẹn lórí, mo wá àṣìṣe títí. Mi ò rí. Mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí mi, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o, kí ìyàwó mi má baà tún yìn ín lójú mi ni.

Ìgbà tó wá sọ fún mi pé òun ti Dàkáà dé, pé òun ra kámẹ́rà ará Jámánì kan tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ń ṣí kúrò bí ọmọrí ìkòkò, oorun dá lójú mi. "Wá wò ó, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo di kámẹ́rà mi, mo lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé kámẹ́rà yẹn ló ń ya fótò, pé kì í ṣe Bàsílì.

Ìgólò

Ọ̀rọ̀ mọ́tò àti eruku, ẹ jẹ́ ká fò ó. Nígbà tí mo fi kọjá Ìdíròkò tí mo bọ́ sí Ìgólò, ọyẹ́ ti sọ irun mi di ti arúgbó. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ kan náà ni, ọ̀pẹ kan náà, èdè kan náà lẹ́nu àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá ọ̀nà. Síbẹ̀ àsíá tó wà lórí òpó yàtọ̀ sí tiwa, ọkùnrin aṣọ́bodè tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ sì fi Faransé kí mi. Mo dúró bí ẹni tí kò létí. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó yí i sí Yorùbá.

"Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Mo fa kámẹ́rà mi yọ, mo ṣí i, ó nà síwájú gbọọrọ bó ṣe máa ń ṣe.

"Dùùrù ni?"

"Kámẹ́rà ni, ọ̀gá."

"Áà! Àpáréyì fótò." Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà fún mi tàánútàánú. "Ṣé ọ̀dọ̀ Mésíyé Bàsílì lẹ ń lọ? Ẹ bá mi kí i. Òun ló ya ọmọ mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba oúnjẹ Olúwa. Ẹ ò rí fótò! Bí ẹni pé ọmọ náà fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ẹ gbọ́ ná. Mi ò tíì rìn jìnnà wọ Dàhọ̀mì, orúkọ rẹ̀ ti dúró dè mí lẹ́nu ibodè. Mo ní màá kí i. Mo fi ọwọ́ ara mi di àpò mi padà, mo sì dì í le ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo jókòó sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kọfí. Búrẹ́dì tiwọn gùn bí apá, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi bọ́tà pa á, wọ́n á fi kọfí tí wọ́n da mílíìkì sí tì í. Bí inú ṣe ń bí mi tó, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ra òmíràn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, títí kan èmi àlejò, títí kan ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ fún mi tán, ó dìde, ó tún na ọwọ́. Mi ò mọ èyí tí màá kọ́kọ́ dáhùn. Bí mo bá sì ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rín. Wọ́n ní ohùn Ìjẹ̀ṣà mi ń kọrin, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Palọ̀ tí kò ní ibi tó ṣófo

"Jósúẹ́! Bọ̀náríféè!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ẹ káàbọ̀ níbẹ̀, Jóṣúà tí ìyá mi sọ mí sì ti di Jósúẹ́ kí n tó gbé àpò kalẹ̀. Bàsílì gbá mi mọ́ra. Ó ti sanra díẹ̀, aṣọ funfun ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá nínú ife, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú mi kó tó gbé e fún mi. Níbẹ̀, a kì í bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kankan títí yóò fi mu omi yẹn. Mo mu ún, mo gbójú sókè, mo rí ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ògiri palọ̀ ọkùnrin yẹn kò ní ibi tó ṣófo. Àwọn obìnrin abúlé Daagbé tó ń fọ epo nìyí, tí èéfín bò wọ́n dé àyà, tí o sì ń rí ojú wọn kedere. Ọlọ́pàá kan nìyí tó sùn lọ fọnfọn lábẹ́ àsíá òmìnira. Bàbá kan nìyí tó ń rẹ́rìn-ín, kò ní eyín kan, inú rẹ̀ sì dùn débi pé èmi náà rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mi ò wá síbẹ̀ wá rẹ́rìn-ín. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń wò ni ara ń ta mí.

"Wọ́n dára díẹ̀," ni mo wí.

Díẹ̀! Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó wà nínú mi.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àmìwó ni wọ́n ń pè é, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi omi ẹran, tòmátì àti epo rò títí ó fi pọ́n, adìẹ díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má lọ sọ fún ìyàwó mi, mo bẹ̀ yín. Mo jẹun débi pé mo tú bẹ́líìtì. Mo wá ń rò ó pé kámẹ́rà rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ dára, ìyàwó rẹ̀ tún mọ oúnjẹ sè. Ṣé kò yẹ kí nǹkan kan wọ́ lára ọkùnrin yìí ni?

Lẹ́yìn oúnjẹ ló gbé kámẹ́rà náà jáde. Ó fi gèlè àtijọ́ ìyàwó rẹ̀ wé e, nítorí eruku ọyẹ́. Kò tóbi ju Bíbélì kékeré lọ. Ó yọ lẹ́ǹsì kan kúrò, ó ki gígùn kan bọ̀ ọ́, ó ní kí n gbójú sí i. Mo wo òpin àdúgbò, mo rí obìnrin kan tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Mo rí egungun náà! Mo dá a padà fún un kíákíá kó má baà rí ojú mi.

"Kámẹ́rà kọ́ o, Jósúẹ́," Bàsílì wí. "Ìmọ́lẹ̀ ni. Bí oòrùn bá le, má mú èèyàn lọ síta. Mú un dúró sẹ́nu ọ̀nà, nínú ibòòji, kó kọjú síta. Ìmọ́lẹ̀ á wá bá a fúnra rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá funfun, dín ihò lẹ́ǹsì rẹ kù. Di èémí kí o tó tẹ̀ ẹ́. Kí o sì súnmọ́ wọn. Fótò rẹ dára, ṣùgbọ́n o máa ń dúró jìnnà jù, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ajá."

Ó rọrùn fún ẹni tó ní kámẹ́rà Jámánì láti sọ pé kámẹ́rà kọ́. Mo mi orí bí ẹni pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tipẹ́. Ìgbà tó yíjú sẹ́yìn báyìí, mo yọ bírò, mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tó tún bí mi nínú ni pé kò fi nǹkan kan pamọ́. Ká ní ahun ni, ǹ bá rí nǹkan tìtorí rẹ̀ kórìíra rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ ló ń sọ, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì ń bi mí pé, "Ṣé ó yé ọ?" bí ẹni pé ayọ̀ tirẹ̀ ni kí fótò tèmi dára.

Ojú nìkan

Ó mú mi tẹ̀ lé e lọ sí Banigbé àti Ko-Koumolou níbi tó ti ń lọ gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Abẹ́ ọ̀pẹ ni gbogbo ọ̀nà, ilẹ̀ pupa, ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún, àgbàdo gbígbẹ lápá òsì. Kò síbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ á sá fún abẹ́rẹ́, wọ́n á sá wá bá kámẹ́rà. Wọ́n á wá bi mí pé, "Tiyín ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́! Mo bá sọ ọ́ lọ́kàn mi pé màá ya ohun tí yóò dùn ún. Ní Ko-Koumolou, mo rí bàbá àgbẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ kún fún ìlà bí èèpo ìrókò. Ó ti wọ aṣọ ńlá, ó ti wọ bàtà, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rántí ohun tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo súnmọ́ ọn.

"Mésíyé," bàbá náà wí, "ẹ ti súnmọ́ mi jù. Ẹsẹ̀ mi ò ní wọlé."

"Ojú yín ni mo fẹ́ yà, bàbá."

"Ojú nìkan? Ta ló gé orí mi?"

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní bí òun bá ti kú tán, ṣé ojú tí kò ní ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ òun yóò máa júwe fún ọmọ wọn? Bàsílì fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ya gbogbo ara rẹ̀ fún un, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti bàtà. Lẹ́yìn náà, ya ojú fún ara rẹ." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ̀nà. Inú tún bí mi.

Bí mo ṣe ń lé e kiri nìyẹn, títí ojú kan péré, àyè fótò kan ṣoṣo, fi kù nínú fíìmù mi. Fíìmù ńlá ni tèmi ń jẹ. Kò sí irú rẹ̀ ní Ifangni, Bàsílì sì ní kò sí ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn, mọ́, fíìmù tóóró bíi tòun ni gbogbo wọn ń tà.

Ìyá Ìbejì

Ohun tí mo fẹ́ sọ láti ibí yìí lọ, ẹ fi sínú. Ẹ má jẹ́ kó padà sọdá sí Ìgólò. Mi ò ní dárúkọ obìnrin náà. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ìyá Ìbejì sì pọ̀ ní Ifangni.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni nílé ìwé ìjọ, Mẹ́tì ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ níbẹ̀. Bàsílì mú mi lọ kí wọn. Wọ́n gbé omi wá, mo mu ún. Mo rí àga kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì rí ọmọbìnrin kan tó jókòó sórí ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Kẹ́hìndé nìyí," ìyá rẹ̀ wí.

Ọkàn mi sọ. Bàsílì kò ní fótò ìbejì kankan lára ògiri rẹ̀! Mo ti wo ògiri yẹn dáadáa. Mo ní, "Táyé ńkọ́?"

"Táyé lọ ṣẹ́gi."

"Kò burú," mo wí, mo sì ti ń ṣí àpò mi. "Màá dúró dè é. Kó tó dé, màá ti to kámẹ́rà mi sílẹ̀."

Mẹ́tì dìde, ó wọlé lọ. Ìyá Ìbejì ń wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ kí n tún un sọ, pé Táyé ń bọ̀. Bàsílì fà mí lápá, ó ní ká máa lọ.

Ìta ló ti sọ ọ́ fún mi. Lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Ó lọ ṣẹ́gi ni. Àìsàn èéyi ló mú Táyé lọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Ṣùgbọ́n ojú Bàsílì burú ju tèmi lọ.

"Mo ṣèlérí fún obìnrin yẹn," ó wí. "Mo ní màá ya àwọn ọmọ náà nígbà Àjíǹde. Èèyàn pọ̀, mo sún un sí Pẹ́ńtíkọ́sì. Jósúẹ́, kò sílé tí fótò mi ò sí ní ìlú yìí. Kò sí ti Táyé níbì kankan."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i láìrẹ́rìn-ín. Mo wá ohun tó máa dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀, mi ò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọkọ òun kò fẹ́ ère ìbejì nínú ilé, onígbàgbọ́ ni, òun náà onígbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú òun fẹ́ ibi tó máa gbé sí. "Ojú kan náà ni Ọlọ́run fún wọn," ó wí. "Ẹ bá mi fi Kẹ́hìndé gbé Táyé jókòó nínú fótò. Wọ́n ń ṣe é ní Àjàṣẹ́, mo ti rí i, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n gé fótò náà sí méjì tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìlà wà láàárín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé ọmọ mi."

Bàsílì gbé kámẹ́rà Jámánì rẹ̀. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ya ọmọ lápá kan fíìmù, wọn ò ní yí fíìmù náà, wọ́n á tún yà á lápá kejì. Ó wá tẹ kámẹ́rà náà lójú wa. Kè! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò gbà," ó wí. "Bí n kò bá yí fíìmù, ó ti ara rẹ̀ pa. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ ìbá gbà, mo ti fi ta ẹ̀gbọ́n mi ní Kútọnu lọ́rẹ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Ẹ̀yin náà mọ kámẹ́rà mi. Ta ni nínú yín tí kò tíì fi mí ṣẹ̀sín nítorí bí mo ṣe máa ń gbàgbé láti yí fíìmù? Ta ni kò rí fótò díákónì tí mo fi ìwo ewúrẹ́ sí lórí, àbí ti ìyàwó tí kẹ̀kẹ́ gba àyà rẹ̀ kọjá? Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ palọ̀ Bàsílì, ayọ̀ burúkú kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè láti ìsàlẹ̀ ikùn mi.

"Tèmi gbà," mo wí. "Ojú kan sì kù."

Bàsílì dìde. "Fún mi, kí n yà á."

"Ó tì."

"Jósúẹ́, ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ni mo ṣèlérí."

"Kámẹ́rà mi ni."

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Má bẹ̀ mí. Ọwọ́ mi ni yóò tẹ̀ ẹ́, tàbí kí n dì í padà sínú àpò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, lójú obìnrin tó kúnlẹ̀. Ìyá Ìbejì wo èmi, ó wo òun. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́," ó wí. "Oòrùn ń lọ."

Ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n

A gbé àga gígùn sẹ́nu ọ̀nà Mẹ́tì, nínú ibòòji, a ta ẹní sí ògiri lẹ́yìn rẹ̀ kí ìlà ẹní lè bo ibi tí apá méjèèjì ti máa pàdé. Mo gbé kámẹ́rà ka orí tábìlì, mo fi òkúta há a mọ́lẹ̀. Bàsílì gé páálí dúdú tí yóò fi bo ìdajì lẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀kan, ìdajì kejì lẹ́ẹ̀kejì. Bí páálí bá yẹ̀ díẹ̀, àwa méjèèjì ti pa fótò náà run nìyẹn, kò sì sí òmíràn.

Kẹ́hìndé jókòó sápá òsì nínú aṣọ tirẹ̀, ó wo iwájú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò yí fíìmù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ má yí i.

Ìyá rẹ̀ mú un wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ Táyé ló wà lọ́rùn rẹ̀, àdìrẹ kan náà, ṣùgbọ́n tiẹ̀ kò tíì ṣá. Ó jókòó sápá ọ̀tún. Ó ronú díẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n ká ẹsẹ̀ bíi Táyé?"

"Ká a," ìyá rẹ̀ wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di ọmọ mìíràn lójú mi, mo búra fún yín. Mo yíjú sí Bàsílì, mo rí páálí tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún nítorí páálí.

"Di èémí," mo wí fún un.

Ó dì í. Mo tẹ̀ ẹ́.

A dí fèrèsé yàrá oògùn ilé ìwòsàn, a sì fọ fíìmù náà níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Omi oògùn Bàsílì, abọ́ rẹ̀, pépà rẹ̀, fótò tèmi. Fíìmù ńlá kò nílò ẹ̀rọ kankan, a kàn gbé e lé pépà, a ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án, a sì tẹ pépà náà sínú omi. Ojú kan yọ, òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì jókòó sórí àga kan. Kò sí ìlà kankan láàárín wọn.

Bàsílì tẹjú mọ́ ọn títí. "Jósúẹ́," ó wí, "mi ò ya irú èyí rí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ya irú èyí rí láyé mi."

Mo ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Adùn rẹ̀ ni mo fẹ́ tún gbọ́. Mo rìn jáde, mo rìn yí ilé ìwòsàn po bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Lẹ́yìn ìsìn

Mẹ́tì ra férémù, ó kan fótò náà mọ́ ògiri. Ó tọrọ fíìmù náà lọ́wọ́ mi pé bí pépà bá gbó lọ́jọ́ iwájú, àwọn á lè tẹ òmíràn. Mo fún un. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa padà, àwọn obìnrin ìjọ yà sílé wọn lẹ́yìn ìsìn. Mo ti wọ kóòtù mi. Mo jókòó síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí mi.

Wọ́n rí i. Ariwo sọ! Ẹni tó ń pariwo Jésù ń pariwo Jésù, ẹni tó ń fọwọ́ bo ẹnu ń fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ìjọ, obìnrin àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, súnmọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ìyá Ìbejì, ta ló ya èyí?"

Mo tún kọ́là mi ṣe. Mo wúkọ́ díẹ̀.

"Bàsílì ni," Ìyá Ìbejì wí. "Ṣáájú Àjíǹde, nígbà tí ara àwọn méjèèjì ṣì yá. Ó ṣèlérí fún mi, ó sì wá."

Ọ̀rọ̀ ti dé gógóńgó mi, mo fẹ́ sọ ọ́, mo sì rí i lójijì bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Gbogbo ìlú ló mọ ọjọ́ tí mo dé. Àmìwó tí mo jẹ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo yà á, a jẹ́ pé Táyé kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ kan ni, tó pààrọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Bàsílì ni, ọmọ méjì ló jókòó.

Bàsílì la ẹnu. "Ìyá Ìbejì..."

"Ìwọ lo yà á, Bàsílì. Àbí o ti gbàgbé?"

Ó wo obìnrin náà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ojú rẹ̀ fún yín. "Mi ò gbàgbé," ó wí. "Èmi ni mo yà á." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ìyá Ìjọ yíjú sí mi. "Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ ò bá Táyé nílé. Ẹ dìde, ẹ wá wò ó. Èyí tó ká ẹsẹ̀ yẹn ni, bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún wa, ṣé ẹ ní ẹni tó lè ya irú èyí ní ìlú yín?"

Mo dìde. Mo wo fótò náà, èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ọwọ́ mi yà. Ìyá Ìbejì ń wò mí, kò sì ṣẹ́jú.

"Rárá, Ìyá," mo wí. "A ò ní. Bàsílì mọ fótò yà."

Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.